Ohun tí ẹ máa dì mú: àga, sílábù kíṣìnì, páìpù ara ògiri tàbí ọ̀pá adádúró fún eré ìdárayá barre nínú ilé

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó sì ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Erékùṣù Èkó mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wà ní ìdíkọ̀ ní Ágíríìkì tàbí l'Ógòlóńtò, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó tún gba Máìlì 12 kọjá padà. Ilé eré ìdárayá tó bá wà ládùúgbò ti ń múra àtitì nígbà náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ìfiwéra yìí, òun àti ìyá ọmọ tí kò rí ẹni gbé ọmọ lé lọ́wọ́, àti obìnrin tí kò fẹ́ kí ojú tí kò mọ̀ máa wo òun bí òun ṣe ń na ara. Barre bá wọn mu ju ọ̀pọ̀ eré ìdárayá lọ. Kò sí fífò nínú rẹ̀, kò sí ìró ẹsẹ̀ tí ará ìsàlẹ̀ máa torí rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, àyè tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí ti tó o, bí iná bá sì lọ, àtùpà oníbátìrì kan máa ṣe é. Lọ́jọ́ tí orò bá wà nígboro Ìkòròdú, tí obìnrin kì í jáde, inú yàrá ló ti máa ṣe tirẹ̀ parí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ó dúró ti ohun kan tó ga tó ìbàdí, ẹ ó gbé ọwọ́ lé e, ẹ ó wá máa ṣe àwọn ìṣísẹ̀ tí àwọn oníjó ballet fi ń pèsè ara wọn sílẹ̀: títẹ orúnkún tí wọ́n ń pè ní plié, gíga sókè lórí ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní relevé, gbígbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní barre, ìṣísẹ̀ náà kéré ju ti ijó lọ, bóyá ìnsì kan péré lọ sókè, ìnsì kan lọ sódò, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó tún dúró gbọn-in sójú kan títí itan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí gbígbọ̀n yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹran ara tó ti ń rẹ̀ ni.

Lotte Berk ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oníjó tí wọ́n bí ní Cologne, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lọ́dún 1913. Júù ni, ó sì sá fún ìjọba Nazi lọ sí London. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, ó da àwọn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń tún ẹ̀yìn ṣe pọ̀ mọ́ ohun tó ti mọ̀ nídìí ọ̀pá ballet, ó sì ṣí ibùdó tirẹ̀ ní London lọ́dún 1959. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Lydia Bach, ló gbé e dé New York lọ́dún 1971. Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ìtàn náà ni pé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ló gbé eré ìdárayá yìí kalẹ̀. Ọ̀pá wà níbẹ̀ kí ara lè dúró ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ àti ikùn sì ráyè ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ fún apá. Ojú yẹn ni màá fi wo gbogbo ohun tí ẹ lè dì mú nínú ilé.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Èkíní ni ìdúróṣinṣin. Ohun tí ẹ bá dì mú kò gbọdọ̀ bá yín lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tì í, ẹ wá fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa yege bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ìfà ló máa tú àṣírí wọn. Ìfà yìí ló sì léwu jù, torí bí ẹsẹ̀ kan bá wà lẹ́yìn lófuurufú tí itan kejì ti rẹ̀, ọwọ́ á máa fa ohun tó wà níwájú láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Èkejì ni gíga. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí èjìká sọ̀kalẹ̀, kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ wà níwájú ara díẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá balẹ̀ sí ni gíga yín. Ní ilé ẹ̀kọ́ ballet, ọ̀pá méjì ni wọ́n sábà máa ń fi sára ògiri, ti òkè á ga tó nǹkan bí ìnsì 42, ti ìsàlẹ̀ tó wà fún àwọn ọmọdé á tó nǹkan bí ìnsì 32. Èyí tó bá ga jù máa gbé èjìká sókè, ọrùn á sì máa ro yín lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá kéré jù máa mú kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí ìdí yọ sẹ́yìn, gbogbo iṣẹ́ itan á sì bọ́ sórí ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta ni ilé tí ẹ wà. Ti yín ni, àbí ẹ háyà rẹ̀? Yàrá kan ni, àbí fúláàtì? Táìsì ló wà nílẹ̀, àbí símẹ́ǹtì?

Ẹ̀kẹrin ni mo rò pé ó máa sọ bóyá ẹ ṣì máa wà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan: ṣé ojú ẹsẹ̀ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó ní láti sún tábìlì, kó ká rọ́ọ̀gì, kó gbé fáànù kúrò lọ́nà kó tó ráyè dúró, kò ní ṣe é lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti tán an lókun. Mo ka èyí sí ju owó lọ. Ní ti owó, iye tí mo bá kọ síhìn-ín lè ti yí padà kí oṣù tó parí, torí náà èyí tó wọ́n ju èkejì lọ àti ohun tó mú un wọ́n ni màá sọ.

Àga

Ìdí àga ni kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ nífẹ̀ẹ́ sí barre kí ẹ tó pe káfíńtà tàbí wẹ́dà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àga. Àga oníke tí wọ́n ń yá lò lóde ìnáwó fúyẹ́ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ya bí ẹ bá gbé ara lé e, èyí tó bá sì ti pẹ́ nínú oòrùn lè ṣẹ́ lójijì. Àga ọ́fíìsì tó ní táyà àti àga tó ń ká, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó dára ni àga onígi tó wà nídìí tábìlì ìjẹun, irú èyí tí àwọn káfíńtà wa ń fi igi líle kàn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sókè, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kan ilẹ̀ láìmì. Ẹ fi téèpù wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ilẹ̀. Bó bá wà láàárín ìnsì 34 sí 40, ó máa bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu.

Ibi tí àga kù sí ni ìfà. Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe rèé. Ẹ kọ ojú ìjókòó rẹ̀ sí ògiri, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ sì sún un títí á fi kan ògiri. Kò tún lè lọ síwájú mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹrù lé ibi ìjókòó. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 tó kún jẹ́ kílò 20, àpò ìrẹsì kílò 25 náà dára. Ẹ sún ẹrù náà sápá ògiri, ẹ má jẹ́ kó wà lápá ọ̀dọ̀ yín, torí bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí yín tó lórí ìjókòó náà ni yóò ṣe nira tó kí àga náà tó lè yí lulẹ̀ bá yín. Bó bá jẹ́ táìsì ló wà nílẹ̀, àga á máa yọ̀. Ẹ bẹ àwọn tó ń lẹ táyà létí títì kí wọ́n gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ fún yín, ẹ fi sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí àga bá ti dúró báyìí, ó lè gbé yín lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e lórí láti na iṣan ẹ̀yìn itan. Ẹ má dán an wò. Kò sì fẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á sún mọ́ ara wọn jù bí ẹ bá kọjú sí i, pàápàá ẹni tí èjìká rẹ̀ bá gbòòrò.

Àga tún ní ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ ni tí páìpù kì í kọ́ ni. Torí pé ẹ mọ̀ pé ó lè ṣubú, ẹ ò ní rọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá wà lórí ìka ẹsẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ ka ení, èjì. Bí ara bá yẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ló ti ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ẹsẹ̀ máa ṣe. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń gbèrò àtira ọ̀pá kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò yìí nídìí àga.

Sílábù kíṣìnì, fèrèsé àti ògiri

Sílábù tí wọ́n fi kọnkéré dà sínú ilé ìdáná kò lè ṣípò, gíga rẹ̀ sì sábà máa ń tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, èyí tó súnmọ́ ohun tí a ń wá. Kò ná yín lówó, kò gba ìmúrasílẹ̀. Fún ìdúróṣinṣin lásán, kò sí ohun tó jù ú lọ nínú ilé. Ìṣòro ibẹ̀ ni àyè. Kíṣìnì ọ̀pọ̀ fúláàtì wa há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbé sẹ́yìn máa kan ògiri kejì tàbí sílíńdà gáàsì. Omi àti epo máa ń wà nílẹ̀. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá wà lábẹ́ rẹ̀, orúnkún á kàn án bí ẹ bá ń tẹ plié. Ẹ lò ó ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáná níbẹ̀, kí ẹ sì nu ilẹ̀ gbẹ. Fún gíga sókè lórí ìka ẹsẹ̀ àti gbígbé ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dára gan-an.

Ìsàlẹ̀ fèrèsé náà lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn bó bá fẹ̀ tó láti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi dí fèrèsé nítorí olè, ẹ má fi ṣe ọ̀pá. Òró ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dúró, ọwọ́ á fún un pinpin, ìfà á sì bẹ̀rẹ̀. Irin bákónì ilé òkè kò yẹ rárá. Ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe rì í mọ́lẹ̀ tó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, àṣìṣe níbẹ̀ kò sì ní àtúnṣe.

Ògiri gbalasa kò ṣeé dì mú, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú yàrá kan tí kò ní àga tó dára lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e ní gíga àyà, kó fi ṣe relevé àti gbígbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Páìpù tàbí igi tí a kàn mọ́ ògiri

Èyí ló súnmọ́ ohun tí àwọn oníjó ń lò jù. Bí wọ́n bá kàn án dáadáa, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fà á, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ lé e, kò ní mì. Ó máa ń wà ní sẹpẹ́ nígbà gbogbo, èyí tó mú kó ta gbogbo yòókù yọ nínú ìwọ̀n kẹrin tí mo sọ. Ẹni tó bá jí láago mẹ́rin ààbọ̀ lè ti parí kí omi ìwẹ̀ tó gbóná.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń mú un wọ́n, torí páìpù fúnra rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ọ̀pá kọ́tìnnì. Aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Páìpù oníke tí wọ́n fi ń ṣe omi náà máa ń tẹ̀ láàárín. Páìpù onírin tí wọ́n fi ń ṣe omi ẹ̀rọ dára, kí ìbú rẹ̀ láti ìta wà láàárín ìnsì kan ààbọ̀ sí ìnsì méjì, kí ọwọ́ lè yí i ká láìfún un. Mo fẹ́ràn igi ju irin lọ, ìrókò tàbí mahogany tí káfíńtà ti fá yípo tó sì ti fi sáńpépà mú kó dán, torí òógùn kì í jẹ́ kó yọ̀ bí irin. Àwọn tó wà lápá Ìgbógbó, Bàyékù àti Ẹ̀bútè, tó súnmọ́ ọ̀sà, mọ bí ọ̀rinrin ṣe ń bá irin jà. Bó bá jẹ́ irin lẹ fẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún ní ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò kí irin má bàa dípẹtà, kí wọ́n tó kùn ún ní ọ̀dà mìíràn.

Ògiri gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa, ti ìnsì 9 tàbí ti ìnsì 6, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí wọ́n bá lu ihò síbi tó ṣófo, súkúrù kúkurú á di ìwọ̀nba èèpo ìta nìkan mú, ọjọ́ tí ẹ bá gbé ara lé e ló máa já tòun ti símẹ́ǹtì. Ọ̀nà méjì ni oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa gbà. Ó lè wá ibi tí òpó kọnkéré wà nínú ògiri, kó sì lu ihò síbẹ̀, tàbí kó lo bóòtì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń là nínú ihò tó sì ń di búlọ́ọ̀kù mú láti inú. Èyí tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kan pákó líle gígùn kan mọ́ ògiri pẹ̀lú bóòtì púpọ̀, kí wọ́n wá kan apá irin tó gbé ọ̀pá dúró mọ́ ara pákó náà. Ẹrù á pín káàkiri, kò ní wà lórí ihò méjì péré. Ibi tí símẹ́ǹtì ògiri bá ti ń wú tó sì ń ṣí nítorí omi tó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, ẹ má kàn án síbẹ̀. Kí apá irin kan wà ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ọ̀pá sì jìnnà sí ògiri tó ìnsì mẹ́jọ, kí orúnkún lè ráyè bí ẹ bá kọjú sí ògiri tẹ plié.

Ẹni tó háyà ilé ní láti tọ onílé lọ kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ gba àṣẹ náà lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sì bi í bóyá ẹ máa dí ihò náà tí ẹ ó sì kun ògiri nígbà tí ẹ bá ń kó lọ. Láìsí èyí, owó tí ẹ fi sílẹ̀ fún àtúnṣe ilé ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń ronú àtikó lọ láàárín ọdún kan, ẹ má ṣe é.

Ọ̀pá adádúró

Èyí ni ọ̀pá tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, tí ẹ lè gbé láti pálọ̀ lọ sí yàrá. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun máa ń jẹ́ páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ máa to pọ̀ fúnra yín, tí ẹ lè gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹwà, ó wọ́n ju gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ lọ, owó ìfiránṣẹ́ sì tún wà lórí rẹ̀. Ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni ìfúyẹ́. Ohun tó mú kó rọrùn láti gbé náà ló mú kó rọrùn láti fà lulẹ̀. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá kúrú ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Oríṣi kejì ni èyí tí wẹ́dà àdúgbò máa bá yín ṣe. Ẹ gbé ìwọ̀n yín lọ fún un: ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, gíga tí ẹ ti fi ara yín wọ̀n, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ méjèèjì kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, irin kan tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀ kó má bàa máa jó, rọ́bà ní orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irin tó nípọn ni kó lò, kí ó sì fi ẹ̀rọ lọ ojú ibi tó jó pọ̀ títí á fi dán, kó má bàa ya yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ dì í mú ní àárín, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ apá kejì bá gbéra nílẹ̀, kí ó fi kún gígùn ẹsẹ̀ náà. Nínú ilé, àpò yanrìn kékeré kan lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á tún fi kún ìdúró rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́n ju àga lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ó kó o lọ sí ilé tó bá kàn, onílé ò sì ní bá yín sọ nǹkan kan.

Ọmọ kékeré lè fẹ́ gun ọ̀pá yìí tàbí kó máa fì mọ́ ọn. Níbi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ gbé e sí yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ bí ẹ bá ti ṣe tán.

Ilẹ̀, ẹsẹ̀ àti ẹni tó máa kọ́ yín

Ohunkóhun tí ẹ bá dì mú, bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, asán ni. Ìbọ̀sẹ̀ lásán lórí táìsì léwu. Àwọn tó ń ṣe é níbùdó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ní rọ́bà lábẹ́, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ẹsẹ̀ lásán tó gbẹ ti tó. Ẹ má dúró lórí ẹní fóòmù tó nípọn nígbà tí ẹ bá ń gòkè lórí ìka ẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n lórí rẹ̀. Ẹní náà wà fún ìgbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀ fún ikùn.

Àwọn olùkọ́ máa ń ní kí ẹ yí ẹsẹ̀ síta. Láti ìgbáròkó ni kí yíyí náà ti wá. Ẹni tó bá fi tipá yí àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan, orúnkún rẹ̀ ló ń lọ́. Bí ẹ bá tẹ plié, kí orúnkún kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, ibi tó bá dé láìsí ìrora ni kó dúró. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sé èémí nígbà tó bá dúró gbọn-in sójú kan, torí èyí máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Kó máa mí jáde ketekete. Òun àti aboyún ní láti bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹrù ọwọ́, ìgò omi sẹ̀ǹtílítà 75 tó kún jẹ́ kílò mẹ́ta nínú mẹ́rin, ti lítà kan ààbọ̀ jẹ́ kílò kan ààbọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú barre kò ju ìyẹn lọ púpọ̀.

Ní ti olùkọ́, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, àyàfi dátà. Wákàtí kan ní 480p lè jẹ tó ìdajì gígábáìtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti 1080p sì lè tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ tó. Ẹ lo èyí tó kéré, ẹ ò nílò kí ó mọ́ gaara kí ẹ tó rí orúnkún. Bí ẹ bá ti mọ ìṣísẹ̀ fídíò kan, ohùn rẹ̀ nìkan ti tó, ẹ lè yí ojú fóònù délẹ̀. Kíláàsì ojúkojú lórí fóònù, níbi tí olùkọ́ ti ń rí yín, ń gbówó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já a. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ tó lágbára rẹ̀ kó san ti ìgbà díẹ̀, kí ojú ẹlòmíràn rí bí ìdí rẹ̀ ṣe ń yọ sẹ́yìn, kó tó padà sí fídíò ọ̀fẹ́.

Ẹ má sì fi barre rọ́pò rírìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 eré ìdárayá tó ń mú ọkàn sáré níwọ̀nba láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ohun tó ń mú ẹran ara le. Barre wà lápá kejì yẹn. Fún ti àkọ́kọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní ibùdókọ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ilé, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn kíákíá dé ilé.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tàbí tí kò tíì ṣe barre rí: àga onígi, kẹ́ẹ̀gì omi, rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó má ra nǹkan kan títí ọwọ́ rẹ̀ á fi lè kúrò lórí àga láìyẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tó sì ti mọ̀ pé òun ò ní jáwọ́: ọ̀pá ìrókò lára ògiri, lórí pákó. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ọmọbìnrin bá wà nílé tó ń ga sí i, kí wọ́n fi ìkejì sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ayálégbé tó ti ń ṣe é tipẹ́, tí àga ti há jù fún: kó lọ bá wẹ́dà. Mi ò rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ n'Íkòròdú fi gbọ́dọ̀ dúró de ẹrù láti òkè òkun, àyàfi bí ènìyàn méjì tí gíga wọn jìnnà síra bá jọ fẹ́ máa lo ọ̀pá kan náà, tí wọ́n sì nílò èyí tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tó ń jí kí àwọn ará ilé tó jí, tí kò sì fẹ́ tan iná yàrá, sílábù kíṣìnì ni tirẹ̀ láàárọ̀, àga lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá àti bàbá wa tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, sílábù náà ni mo fẹ́ fún wọn, torí pé kò ní bá wọn lọ rárá. Kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí wọ́n máa gòkè lórí ìka ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má tẹ orúnkún jù, kí àga kan sì wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n lè jókòó lé bó bá rẹ̀ wọ́n.